Iná tí Mo So Síwájú Ilé Àna Mi

Ìrọ̀lẹ́ kan wà ní Bẹ́yẹrúnká tí mi ò lè gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Sàìdátù ni mo fẹ́ fẹ́, bàbá rẹ̀, Alájì, sì ni alága àwọn onílé àdúgbò wọn. Nígbà tí Alájì ní kí n wá so iná sólà mọ́ òpó iwájú ilé òun, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ló máa sọ bóyá màá di àna rẹ̀.

Ìyá tó ń ta iná ní Ọ̀rányàn fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Oríṣi kan dojú bolẹ̀ pátápátá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ. Ẹ̀kẹta kò ní ìdérí rárá.

"Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni kẹ́ ẹ fún mi, Màmá. Ilé àna mi ni."

"Ọmọ mi, ó máa fọ́ wọn lójú o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ẹ̀kẹta ni mo gbé, mo tún gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí òpó, kí wọ́n lè máa rí i láti Màpó.

Wọ́n ń pe ìrun Màgùrìbì lọ́wọ́ nígbà tó tàn. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ figbe ta, ó fọwọ́ bojú, ó kó wọ gọ́tà. Ọpẹ́ ni pé kò fara pa. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìmọ́lẹ̀ iná náà ti mú kí ojú mi ṣú. Ni mo bá rí agbádá funfun níwájú mi. Alájì rèé! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí iná fi Sàìdátù dù mí."

Kò dáhùn. Mo tún bẹ̀bẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ni mo bá gbọ́ ohùn Alájì lẹ́yìn mi.

"Ta lò ń bẹ̀? Agbádá tí wọ́n sá sórí okùn láti àárọ̀ nìyẹn."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde. Sàìdátù rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alájì wo aṣọ, ó wò mí.

"Lọ dojú iná yẹn bolẹ̀ kó o tó fọ́ gbogbo àdúgbò lójú. Tó o bá ṣe tán, kó o lọ pe àwọn òbí ẹ wá. Ẹni tó lè dọ̀bálẹ̀ fún aṣọ mi báyìí, kò lè yájú sí èmi tí mo ni ín."

Lọ́jọ́ kejì, mo pa dà lọ bẹ Ìyá oníná, mo sì fi èyí tó dojú bolẹ̀ pátápátá pààrọ̀ iná náà. Láti ìgbà náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa balẹ̀ sí ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè, kì í ṣe bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Àmọ́ ìyàwó mi kò gbàgbé ṣá. Bó bá ti sá aṣọ tán, á ní kí n wá kí àwọn àgbà. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?