Ẹ́ńjìnì Bàdírù Kì í Jẹ Ìgbẹ́ Ara Ẹ̀

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá Dùnsìn! Mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ dànù!"

"Mi ò yọ ọ́."

"Ta ló ni mọ́tò?"

"Ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì yìí ò ṣàdédé fi páìpù yẹn síbẹ̀."

Agric ni wọ́n wà, n'Ìkòròdú, nídìí mọ́tò tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ti kú. Bàdírù ti ra tòkunbọ̀, Bàbá Dùnsìn mẹ́káníìkì sì ń gbé e wọlé. Páìpù kékeré kan ló dájà sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa gba díẹ̀ nínú èéfín tó yẹ kó bá sàlẹ́ńsà jáde, kó dá a padà sínú ẹ́ńjìnì kó tún lọ jó.

"Èéfín tó ti jáde, kó tún gbé e mì?" Bàdírù lu àyà gbì. "Ẹ́ńjìnì tèmi ò ní jẹ ìgbẹ́ ara ẹ̀!"

Kò sóhun tí Bàdírù ò mọ̀. Tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá dókítà jókòó, òun náà ti di dókítà nìyẹn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ló sọ fún un pé àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje máa ń yọ páìpù yẹn. Látọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ará ilé pé mọ́tò òun máa tó fò.

Ó rẹ Bàbá Dùnsìn. Ó yọ ọ́.

"Ó ku ihò tó fi sílẹ̀. Irin tó nípọn ni wọ́n fi ń dí i. Wẹ́dà kan wà ní Ìgbògbò tó máa gé e fún wa. Padà wá lọ́túnla."

"Ọ̀túnla kẹ̀? Ọ̀la ni mò ń gbé ìyá ìyàwó mi lọ sí Ẹ̀pẹ́!"

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣẹ̀rífátù ni Bàdírù fẹ́ fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mọ́tò Bàdírù ti kú sọ́nà tí ìyá Ṣẹ̀rífátù fẹsẹ̀ rìn délé. Màmá wá búra. "Tó o bá gbé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́ láìjẹ́ pé mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lójú ọ̀nà, mo gbà fún ẹ. Tí mo bá fi kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, má dé ilé mi mọ́ láyé!"

Bàdírù dúró de wẹ́dà? Rárá o! Ó gé ìdérí agolo mílíìkì méjì, ó pa gọ́ọ̀mù sí i, ó fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ojú ihò. "Ṣé èyí náà kì í ṣe irin ni?"

Bàbá Dùnsìn wo ìdérí. Ó wo Bàdírù. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má dárúkọ òun fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbéra. Màmá wọ léèsì funfun báláú, ó jókòó sẹ́yìn. Ṣẹ̀rífátù wọ bàtà gogoro, ó wà níwájú. Bàdírù yí gbogbo gíláàsì sókè.

"Éésì ń ṣiṣẹ́ o, Màmá! Ẹ gbádùn ara yín!"

Wọn ò tíì kọjá Ìmọ́ta tí nǹkan fi ró gbàà! lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí mílíìkì ti lọ. Mọ́tò ń ké bí ọgọ́rùn-ún ọ̀kadà.

"Kí nìyẹn?" Màmá pariwo.

"Agbára ni, Màmá! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni!"

Ni éésì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa èéfín wọlé. Màmá wúkọ́. Ṣẹ̀rífátù wúkọ́. Bàdírù náà wúkọ́, ó ní ata tóun jẹ láàárọ̀ ni.

"Ṣí gíláàsì!"

"Màmá, òtútù éésì máa jáde!"

Ṣẹ̀rífátù ló ṣí i tipátipá. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìtòíkin, léèsì Màmá ti di àwọ̀ eérú, ihò imú ẹ̀ dúdú kirikiri. Ìyá kan tó ń yan ẹja lẹ́bàá títì rí èéfín tó ń tú lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹlẹgbẹ́ mi! Inú mọ́tò lẹ̀yin ti ń yan tiyín? Ẹ yí i padà o, apá kan ti jinná!"

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Ẹ̀pẹ́, iná tó ń tú jáde níhò yẹn jó wáyà. Mọ́tò kú fin-ín.

Màmá nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ má sọ̀ o!" Bàdírù figbe ta bí ẹni tó rí ejò. "Ẹ ò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀! Ẹ rántí ìbúra yín!"

Màmá jókòó padà. Bàdírù pe mẹ́káníìkì lórí fóònù.

"Bàbá Dùnsìn, ó ti kú o!"

"Ra mílíìkì míì fún un." Ó pa fóònù.

"Ta ló máa wá tì í?" Ṣẹ̀rífátù béèrè.

Bàdírù di sítíárì mú gírígírí. "Ìfẹ́ mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa darí ẹ̀. Èmi nìkan ni ẹ́ńjìnì yìí sì mọ̀."

Ṣẹ̀rífátù bọ́ sílẹ̀, ó ń tì. Gìgísẹ̀ bàtà kan kán níwájú fọ́kánáísà. Èkejì kán níbi táwọn ọlọ́kadà jókòó sí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bàdírù yọrí lójú fèrèsé. "Tì í dáadáa! Ó ti fẹ́ jí!"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Alùájì Làtífù, ẹ̀gbọ́n Màmá. Alùájì jáde, ó gbóòórùn èéfín lára wọn.

"Kí lẹ sun wá?"

Màmá sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ara. "Mo dé o. Mi ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lọ́nà. Mo ti búra, mo gbà fún un."

Bàdírù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ṣé mo sọ fún yín? Mo ní ẹ́ńjìnì yìí máa gbé wa dé!"

Alùájì yíjú sí Ṣẹ̀rífátù, tó dúró lẹ́yìn mọ́tò láìwọ bàtà, tí òógùn ń ro tótótó lára ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o gbà?"

"Mi ò gbà, Bàbá."

Ó wọlé lọ fọ ẹsẹ̀.

Wọ́n fọ léèsì Màmá, ó mọ́. Ṣùmékà kan gìgísẹ̀ míì mọ́ bàtà Ṣẹ̀rífátù. Bàdírù nìkan ni ò rí ìyàwó fẹ́.