Àṣàmú Tó Ń Sùn Nínú Ọkọ̀ Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n? Àwọn kan á ní ogun ọ̀kọ̀ àti idà ni. Rárá o. Ogun omi ni.

Ní Ìdíomi, létí odò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àṣàmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ láti kékeré, okùn ló ń lọ́ tà. Lọ́dún kan, àwọn ará òkè odò ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé omi ńlá ń bọ̀. Baálẹ̀ pe ìlú jọ, ó ní, "Kí kálukú so ọkọ̀ rẹ̀ kó le. Omi ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ kankan lọ!"

Wọ́n ra okùn lọ́wọ́ Àṣàmú, wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́ èèkàn ní kúkúrú, kókó okùn le bí òkúta. Àṣàmú ní tirẹ̀ lọ́ okùn gígùn, ó ní kí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ gun mángòrò ẹ̀yìnkùlé, kó so ó sókè. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sídìí ààrò tó wà lábẹ́ igi náà, ó so ìdí okùn mọ́ ọn, ó tẹ́ ẹní sínú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ibẹ̀ lẹ fẹ́ máa sùn?"

"Bí omi bá dé, ẹ̀yin á sáré. Èmi ńkọ́? Kí n tó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ẹja á ti máa kí mi pé ẹ kú ilé o."

Baálẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Àṣàmú atukọ̀! Ibo lo tù ú dé?"

"Mo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, Baálẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tiwa, òun lọkọ̀ wa!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí oúnjẹ ti wọra, tí oorun ń kun gbogbo ìlú, omi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé bàtà, ó gbé odó, ó gbé àga Baálẹ̀. Àwọn ará ìlú sáré lọ síbi ọkọ̀ wọn. Okùn kúkúrú náà ò já! Àwọn ọkọ̀ dúró sábẹ́ omi lọ́hùn-ún bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ni gbogbo wọn bá gun òrùlé.

Àṣàmú ń lálàá ní tirẹ̀. Ó ń rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, ó ń gba orí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ewé mángòrò ń fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó lajú, ó rí i pé òun àti òrùlé Baálẹ̀ ti dọ́gba. Àwẹ̀ró jókòó síwájú ọkọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ lórí itan, ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àṣàmú, ọmọ bàbá mi! Omi ti dé orúnkún mi o!"

"Ẹ kú ìrìn, Baálẹ̀. Ọkọ̀ yín ò tíì gbéra ni?"

Ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí i. Ó ń tú okùn gígùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ láti òrùlé dé òrùlé, títí tí kò fi ku ẹnì kan lórí òrùlé.

Baálẹ̀ jókòó ti ewúrẹ́, ó tutù rinrin, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ."

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ìkòkò. "Ẹ parí ẹ̀, Baálẹ̀."

Fìlà Baálẹ̀ léfòó kọjá lọ, ẹja kan ń tẹ̀ lé e.

Baálẹ̀ ní, "Tó bá gbọ́n."

Àwẹ̀ró ṣí ìkòkò.