Ọjọ́ Tí Ìpè Alájà Dá Ilé Wa Dúró

Ọjọ́ kejì Iléyá kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá ti gbóòórùn ẹran àgbò díndín báyìí, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí itọ́ tó ó dà lẹ́nu mi.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n ya ilé tí wọn kò tíì kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ènìyàn lè máa rìn kiri nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ náà dùn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára ló ń fẹ́. Lápútọ́ọ̀pù tèmi, bí mo bá ṣí ilé oníyàrá méjì lórí rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni gun òkè, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń háyà kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lókè òkun. Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀, n kò sì tíì fojú kan kọ̀ǹpútà náà rí. Òun lọ́hùn-ún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ agbára, àwòrán rẹ̀ nìkan ló ń gba orí ayélujára wá sójú lápútọ́ọ̀pù mi ní Òmù-Àrán. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì níbí, ọ̀hún ni nǹkan ti ń mì. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí pé, "Inú àwọsánmà ni kọ̀ǹpútà ọmọ mi wà," wọn á sì bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bàbá mi yìí ló kó mi sí wàhálà. Ilé ẹbí wa àtijọ́ ti wó, àwọn tó wà l'Ékòó sì ti pinnu láti tún un kọ́. Alhájì, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ aṣáájú wọn l'Ékòó, ti rí ayàwòrán-ilé kan lọ́hùn-ún. Bàbá mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, ọmọ òun wà nílé. "Ẹ jẹ́ kó gbé e wá kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bi bàbá mi pé ìgbà wo ni mo máa wá iṣẹ́ gidi ṣe. Bí mo bá tẹ́, àwa méjèèjì la jọ tẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n fi ìpàdé sí, nínú pálọ̀ wa. Àwọn àgbà kún orí àga, ẹran wà lọ́wọ́ kálukú. Mo fi wáyà so lápútọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣàn ńlá ara ògiri, mo sì tan dátà fóònù mi kó máa fún lápútọ́ọ̀pù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ni ti bàbá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Alhájì kì í sì í dé àdúgbò wa dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbàgbé ni pé lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá gbé ìpè, dátà á dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi sọ̀rọ̀ tán. Ta ni kì í sì í pe ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Iléyá?

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ilé jáde lójú tẹlifíṣàn, ó ń dán, oòrùn ràn sára ògiri rẹ̀. Mo gba géètì wọlé, mo kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dé pálọ̀. Alhájì gbé ẹran sílẹ̀. Bàbá mi wúkọ́ díẹ̀, irú ikọ́ tí kò ní àìsàn nínú. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ni fóònù bá dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó ń kí mi kú ọdún láti Èsìẹ́. Mo ti gbé e kí n tó ronú. Mo ní, "Àmín, àmín, màá pè yín padà," ṣùgbọ́n ilé ti gan síbi tó wà. Mo tẹ bọ́tìnì tó ń mú ni lọ síwájú, kò mì. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ará ilé tó sùn wọra. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé kì í gbàgbé nǹkan. Gbogbo títẹ̀ yẹn ló ń tò sílẹ̀ de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí dátà ṣe padà dé, ó san gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà: a sáré la pálọ̀ já, a la ògiri kọjá láìkan ilẹ̀kùn, a sì bá ara wa nínú ilé ìyàgbẹ́. Ibi tí a dúró sí, iwájú àwo ìyàgbẹ́ gan-an ni. Ó funfun báláú, ó gba gbogbo ojú tẹlifíṣàn.

"Ṣé pálọ̀ ti tán nìyẹn?" ni Alhájì béèrè.

"Ó kù, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, a máa padà sẹ́yìn."

A ò padà. Fóònù tún dún. Alájà Ìsánlú ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti Alhájì, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé Ìsánlú-Ìsin ló ń gbé. Òun ni àgbà gbogbo ẹbí, orúnkún ni kò jẹ́ kó wá. Mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí láyé mi, mo pa ìpè náà. Kò pẹ́ tí fóònù bàbá mi dún. Mo ń gbọ́ ohùn Alájà láti ibi tí mo wà: "Ṣé ọmọ rẹ ti di ẹni tí ń pa fóònù mọ́ mi létí ni?"

Bàbá mi wò mí. "Ó ní òun máa tún ọ pè. Gbé e."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé dátà fún un? Mo gbé e, mo sì kúnlẹ̀, bí ẹni pé ó ń rí mi láti Ìsánlú-Ìsin.

Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ ni Alájà ń sọ, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo wa gbọ́ sọ ọ́. "Ṣé dáadáa lẹ ṣọdún? Ìyá rẹ ńkọ́? Àgbò yín ńkọ́, ṣé ó sanra? Ṣé ẹran dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé? Ikọ́ bàbá rẹ ńkọ́?" Mo ń dá a lóhùn ní kọ̀ọ̀kan. A kì í sáré dáhùn ìkíni àgbà. Lójú tẹlifíṣàn, àwo ìyàgbẹ́ ò kúrò. Àwọn àgbà ò rí ibòmíràn wò, wọ́n ń jẹ ẹran wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní bóyá òjò tó ṣú ló ń dí kọ̀ǹpútà inú àwọsánmà lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ní, "Irin wo nìyẹn lára ògiri?" N kò lè dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ àgbò la ṣì wà. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí ayàwòrán-ilé Èkó ṣe máa wọ Òmù-Àrán, tí bàbá mi á máa gba ẹ̀yìn wọ mọ́sáláṣí.

"Ilé tí wọ́n ní o yà yẹn," ni Alájà sọ níkẹyìn, "ṣé wọ́n ti rí i?"

"Wọ́n ń wò ó lọ́wọ́, mà."

"Jẹ́ kí ohùn mi jáde síta kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ síta.

"Ẹ kú ọdún o. N ò rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ẹsẹ̀ mi ò gun àtẹ̀gùn mọ́. Bí mo bá wá sílé bàbá mi, níbo ni màá sùn? Báwo ni ibi tí màá ti tọ̀ ṣe jìnnà síbẹ̀ tó?"

Kí n tó ya ẹnu, gbogbo àwọn àgbà ti dáhùn pa pọ̀ pé ó wà níwájú àwọn. Ta ni ì bá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? Alhájì dìde, ó súnmọ́ tẹlifíṣàn, ó ń fọwọ́ tọ́ka. "Ìsàlẹ̀ ló wà, Alájà, kò ní àtẹ̀gùn. Irin sì wà lára ògiri tí ẹ ó máa dì mú." Ó yíjú sí mi. "Irin yẹn, ta ló ní kó o fi í síbẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ̀ Alájà ni mo ti lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń fọwọ́ ra ògiri láàárọ̀ kùtù, bó bá ń lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Yàrá tó kọjú sí ilé ìyàgbẹ́ yẹn, Alájà ni mo yà á sọ́tọ̀ fún. N kò kàn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, kí wọ́n má baà ní mo ti ń pín ilé tí a ò tíì kọ́.

Alájà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn," ó sì pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tí dátà padà dé, kọ̀ǹpútà òkè òkun kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé òun ti tilẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òun. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Alhájì àti bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ẹsẹ̀ mi ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, mo jókòó bàà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé n kò tún gbé iṣẹ́ lọ síwájú àgbà láìjẹ́ pé mo ti kó àwòrán rẹ̀ sínú lápútọ́ọ̀pù, kí kọ̀ǹpútà ńlá máa sinmi lọ́hùn-ún. Mo sì ra síìmù mìíràn fún dátà nìkan, mo búra pé ẹ̀dá kan ò ní mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá mi nìkan ni mo fún, nítorí pàjáwìrì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nídìí ilé ẹlòmíràn tí mo ń yà, ni síìmù tuntun bá dún. Mo gbé e. Ilé gan.

"Ṣé wọ́n ti kan irin mi mọ́ ògiri?" ni ohùn náà wí.

Ẹ̀rín pa mí, mo sì rọra kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Wọn ò tíì débẹ̀."