Ọjọ́ Tí Mísà Gba Ìborùn Lọ́rùn Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìyá mi ti ń ṣe búrẹ́dì tà nílé wa ní Adabraka, nílùú Accra, ọwọ́ la sì fi ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá, èjìká ọ̀tún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n débi pé apá náà kì í gòkè ju ìbàdí lọ mọ́. Ó wá ku èmi nìkan. Bí mo bá po ìyẹ̀fun tán láàárọ̀, àwọn ìka mi kì í lè de bọ́tìnnì.

Ìyẹn ni inú mi ṣe dùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun fi mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rọ pupa ni, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, ó ní abọ́ irin nísàlẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó wà ní rúkúù lórí ìrun. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní ohun tí kò lọ́wọ́ kò lè mọ ìgbà tí pípò ìyẹ̀fun bá tó. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó, ìsinmi wọn ti dé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Alhaja, ọ̀rẹ́ ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Nima, ń sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án retí ni. Ogójì búrẹ́dì la ṣèlérí pé a ó gbé dé kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ìyá mi sì ti sọ pé tiwa kọ́ ni yóò ba ọjọ́ náà jẹ́.

Mo da ìyẹ̀fun sínú abọ́ náà títí ó fi kan ẹnu. Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ oorun ń kùn mí, mo yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin. Ìlàjì ìyẹ̀fun náà fò sókè, ó sì bà lé mi lórí. Nígbà tí ìyá mi fi máa wọlé, mo ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o ṣì ń mí?”

Mo ní mò ń mí, mà.

“Ó dáa. Gbá ilẹ̀.”

Mo gbá ilẹ̀, mo bu ìyẹ̀fun mìíràn, mo fi omi sí i, mo tún tan ẹ̀rọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń kérora, ó sì ń rìn lórí tábìlì. Mo dì í mú bí ẹni di àgbò mú. Irin tó rí bí àgò adìẹ, èyí tí wọ́n fi ń lu ẹyin, ni mo ti fi sí i lẹ́nu, dípò èyí tó kọ́ bí ìwọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kí n wo ohun tó ń ṣe é, etí ìborùn mi bọ́ sínú abọ́. Ẹ̀rọ gbá a mú, ó ń wé e, ó ń fà mí lọ sílẹ̀, títí imú mi fi wọnú ìyẹ̀fun. Ìyá mi fa ìbàdí mi lẹ́yìn, wọn ò lágbára tó.

Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Mo ti bú dumsor títí, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Accra, àmọ́ ọjọ́ yẹn mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Dede, ará Gã tí a jọ ń gbé ọgbà kan náà, gbé sìsọ́ọ̀sì wá. Ó ń gé ìborùn náà, ó ń sọ “kafra, kafra”, ìyẹn pẹ̀lẹ́, fún mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ náà nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná dé. Sìsọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Dede, imú mi padà síbi tó ti wá. Ìyá mi ló sáré dé ibi tí bọ́tìnnì iná wà lára ògiri. Apá ọ̀tún yẹn gan-an ni wọ́n gbé sókè tí wọ́n fi pa iná. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n di èjìká mú. Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ìborùn.

Àǹtí Dede gé ìborùn náà tán, a da ìyẹ̀fun náà nù. Mo ní ká kúkú ránṣẹ́ sí Alhaja pé kò ṣeé ṣe mọ́. Ìyá mi fọ ọwọ́ òsì, wọ́n tì í bọ inú ìyẹ̀fun tuntun, Àǹtí Dede fọ tirẹ̀ náà. Ọwọ́ márùn-ún la fi pò ó. Búrẹ́dì méjìdínlọ́gbọ̀n péré ló jáde, a sì gbé e wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò, lọ sí Nima.

Aago mẹ́ta ti lù ká tó débẹ̀, àwọn àlejò ti ń wọ bàtà. Ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ irun mi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi, mo kúnlẹ̀ fún Alhaja, mo fẹ́ purọ́ pé ọkọ̀ ló dá wa dúró. Ìyá mi ò jẹ́ kí n la ẹnu, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí àwọn àlejò bọ́ bàtà, kí wọ́n padà wá jókòó, búrẹ́dì náà ṣì gbóná.

Mo ti wá mọ ẹ̀rọ yẹn lò báyìí. Irin ìwọ̀ ni ti búrẹ́dì, ìlàjì abọ́ ni ìyẹ̀fun ń mọ, kó máa yí jẹ́jẹ́, kó sì sinmi kí a tó bu òmíràn sí i. Èyí tó ṣòro kọ́ jù ni pé ẹ̀rọ ò lè sùn fún ẹni tí oorun ń kùn. Ó ṣì máa ń rẹ̀ mí o. Àmọ́ tí mo bá ti gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, mo máa ń fọwọ́ kan imú mi, n ó sì rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi fa ọ̀ràn.