Sẹ̀ríkí Eléyín-Erin ti Sàbó Ìsàlẹ̀

Eyín Dúrójaiyé ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà á ti dìde kí eyín ná, kó tó rí ojú ẹni tó ni ín. Bí Sẹ̀ríkí wa ṣe tóbi tó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí à ń gbé, kí àlejò má baà ṣìnà. Lókè, ìlú Sáríà ni. Ọba àwọn ọmọ ènìyàn wà nínú Bírínì, ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn odi. Àwọn Yorùbá tó bá rélùwéè wá wà ní Sàbó. Lábẹ́ Sàbó, nísàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sí lẹ́bàá ojú irin, àwa wà níbẹ̀. Eku ni wá, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì là ń fi rìn, a ń dé fìlà, a ní òpópónà mẹ́rìnlá àti ṣọ́ọ̀ṣì kan, a sì ń kí àgbà ká tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Inú àpò gàrí ni ìyá mi bí mi sí, láàárín Jẹ́bà sí Mínà, ní ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú yìí, kí ọmọ àná má bá mi dá sí i.

Láràárọ̀ ni gbogbo wa ń jáde lọ sí iṣẹ́ eyín. Pákó rélùwéè àtijọ́ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, a máa ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀nà tuntun lè là. Iṣẹ́ ìlú ni, ó sì dára fún ara, torí eyín eku kì í dúró sójú kan. Bí o kò bá lò ó, yóò máa gùn lọ. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò sọ èyí fún.

Ọjọ́ tí a fi Dúrójaiyé jẹ Sẹ̀ríkí ló pa iṣẹ́ eyín tì.

"Ta ló ti rí ọba tó ń gé pákó jẹ rí?" ló wí. "Ohun tí Ọlọ́run fi jíńkí mi, mi ò ní fi igi bà á jẹ́."

Nígbà tó di oṣù kan, eyín rẹ̀ gùn. Nígbà tó di oṣù méjì, ó ti yọ síta. Ó ní erin lòun ń dà. Ó ní erin ni àwọn baba òun ní Ọ̀ffà, ìrìn àjò ló sọ wọ́n di kékeré. Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Dúrójaiyé ní irọ́ ni, gígùn niyì eyín, àwọn tí tiwọn kúrú ló pa òwe àkọ́kọ́ yẹn. Ó wá mú Gilbert, ọ̀dọ́kùnrin kan tí eyín rẹ̀ mú dáadáa, kó máa ṣáájú òun kiri, kó máa kì í:

"Àjànàkú abẹ́ ilẹ̀, Eléyín-ṣáájú-ọ̀rọ̀, A-rẹ́rìn-ín-kí-ògiri-lu, ẹ yà fún un."

A yà fún un lóòótọ́. Ẹni tí kò bá yà, eyín á gún un lójú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ kò lè fi jẹun. Dúrójaiyé bá ṣe òfin pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi ẹnu rún ọkà jéró fún òun, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbé e wá sí ààfin nínú èèpo ẹ̀pà. Ó pè é ní ẹ̀tọ́ ẹnu ọba. Àwa náà gbà, torí ìlú tó bá ti fẹ́ràn ariwo kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń fi í jẹun.

Òfin àtijọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ni ẹ̀pà tuntun máa ń dé sí ṣẹ́ẹ̀dì. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ dé, àwọn ọmọ ènìyàn fi májèlé sí i, ilé mọ́kànlá ló sì kú tán lọ́jọ́ kan. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà tuntun àfi bí Sẹ̀ríkí bá kọ́kọ́ fi eyín ara rẹ̀ fọ́ ọ̀kan lójú gbogbo ìlú, kó jẹ ẹ́, ká sì dúró wò ó. Bí kò bá kú, àwa náà á jẹun. Bó bá kú, a á fi ẹ̀yẹ sin ín, a á wá oúnjẹ mìíràn lọ. Ìfọ́pà là ń pè é. Ohun tí a ń torí rẹ̀ fi eku jẹ Sẹ̀ríkí gan-an nìyẹn, ìyókù, fìlà ni. Ẹni tó bá sì fọ́ ẹ̀pà ṣáájú rẹ̀, lọ́sàn-án gangan la máa tì í síta, níbi tí ológbò ọ̀gá téṣàn ń sùn sí. Kò sí pé ẹnìkan á fọ́ ọ ní kọ̀rọ̀: bí ẹ̀pà bá dún ní òpópónà kìíní, ẹni tó wà ní ìkẹrìnlá á gbọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò pẹ́ kó tó lọ. Gàrí tán. Jéró tó kù, ẹnu Sẹ̀ríkí ló ń lọ. Nígbà tí ẹ̀pà dé, wọ́n kó o jọ lórí wa gan-an, a ń gbóòórùn rẹ̀ lórí ibùsùn. A wá ń retí Ìfọ́pà.

Gilbert jáde wá kéde: Sẹ̀ríkí ní fìlà òun kò tíì dé láti Bídà.

Fìlà dé. Gilbert tún jáde: Sẹ̀ríkí ti ránṣẹ́ sí ọba àwọn eku Bírínì kó wá jókòó ti òun, a sì gbọ́dọ̀ dúró de èsì. Ní ọjọ́ kẹrin, èsì dé. Àwọn eku Bírínì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni Dúrójaiyé bẹ̀rẹ̀ sí í we láwàní bo ẹnu, bí àwọn ọba Hausa ṣe ń ṣe. Àwa ń wí pé, ẹ wo iyì. Iyì kọ́. Eyín ìsàlẹ̀ ti gùn ré kọjá imú rẹ̀, ti òkè ti tẹ̀ wọnú, ó ń gún un ní àjà ẹnu. Kò lè gé ẹ̀wà bíbọ̀ sí méjì mọ́. Gilbert ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Opó kan wà ní òpópónà kẹfà tó ń jẹ́ Susanna. Ológbò ti gbé Moses ọkọ rẹ̀ lọ nígbà òjò, ó sì fi ọmọ méje sílẹ̀ fún un. Èyí tó kéré jù ń jẹ́ Jemima. Ọjọ́ tó kan Susanna láti rún jéró, ó gbé oúnjẹ lọ sí ààfin, ó fi òwú wé Jemima, ó gbé òun náà lọ.

"Ránkádédé," ló wí lórí ìkúnlẹ̀, "jéró tó kẹ́yìn nílé mi nìyí. Mo rún un tán, n ò gbé ẹyọ kan mì."

Sẹ̀ríkí fi ìka tọ́ ọ wò. "Kò kúnná tó."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà wo ni Ìfọ́pà? Ọmú mi ti gbẹ. Jemima yìí kò ké mọ́ láti àná."

"Ọmọ tí kò ké? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

"Ebi ni, sà. Bó bá fi di ọ̀tunla, ọwọ́ mi lásán ni n ó gbé délé."

"Ohun tó ń ṣe ẹ̀yin aláìní nìyẹn. Ìfọ́pà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn. Ọ̀rọ̀ ipò ni."

Susanna dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì gbé jéró náà padà. Èmi wà níbẹ̀, inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ẹnu ìlẹ̀kùn ààfin ló jókòó sí, ó fi jéró náà sẹ́nu Jemima, ìwọ̀nba tó lè wọlé. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìyá ọlọ́mọ ní Sàbó Ìsàlẹ̀ ti jókòó tì í. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ilé tó rún nǹkan kan fún Sẹ̀ríkí.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Gilbert jáde wá kéde pé Sẹ̀ríkí, nínú àánú rẹ̀, ti mú ọ̀la fún Ìfọ́pà.

Ohun tí Gilbert kò kéde ni ọ̀rọ̀ tí Sẹ̀ríkí bá a sọ ní yàrá.

"Gilbert, wàá wà lábẹ́ àga mi. Aṣọ á bò ọ́. Bí mo bá gbé ẹ̀pà wọ abẹ́ láwàní, kí o fọ́ tìrẹ. Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Ta ló máa wá jẹ ẹ́?"

"Ìwọ ni. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, a á mọ̀."

"Báwo ni ìlú ṣe máa mọ̀, sà? Abẹ́ àga ni mo máa kú sí."

Sẹ̀ríkí ronú sí i. "Èmi á mọ̀," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo òpópónà tú jáde lọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Dúrójaiyé ní kí wọ́n gbé àga òun ka orí òkìtì ẹ̀pà fúnra rẹ̀, kí ọmọdé àtàgbà lè rí òun. Wọ́n gbé e ka ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ àrán bò ó délẹ̀. Bàbá Bẹ̀llò, ará Ìlọrin, tó jẹ́ àgbà wa tó sì ń tọ́jú òfin, mú ẹ̀pà kan, ó fún un.

Dúrójaiyé gbé ẹ̀pà náà sókè, ó fi han ọ̀tún, ó fi han òsì, ó gbé e wọ abẹ́ láwàní.

Kẹ̀ù.

Ìlú mí kanlẹ̀. Bàbá Bẹ̀llò ní kí gbogbo wa dákẹ́, ká dúró wò bóyá Sẹ̀ríkí á kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ nígbà yẹn ni, ọba ni ì bá jẹ́ dòní. Ṣùgbọ́n ó rí i pé gbogbo ojú ń wo òun, kò sì lè fara dà á kó má sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "ẹ̀yin ń bẹ̀rù ikú. Ẹ wò mí. Mo ti fi ẹ̀mí mi lélẹ̀ nítorí yín."

Kẹ̀ù.

"Ẹlòmíràn ì bá sá. Èmi ò sá. Eyín tí ẹ rí yìí kì í ṣe tèmi nìkan, ti gbogbo wa ni."

Kẹ̀ù. Kẹ̀ù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Gilbert náà kò tíì jẹun láti ìjẹta? Ẹ̀pà kan ni wọ́n ní kó fọ́. Ṣùgbọ́n orí òkìtì ni wọ́n fi í sí, ó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ó sì dùn. Ní ti òtítọ́, n ò lè bá a wí.

"Bí ẹ bá ń jẹun lónìí," Sẹ̀ríkí ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó sì ń gbé ohùn sókè kó lè borí ìró náà, "ẹ rántí ẹnu tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Kẹ̀ù. Kẹ̀ù. Kẹ̀ù.

Susanna gbé Jemima dìde láàárín èrò. Ọmọ náà ti rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àkísà.

"Ránkádédé," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀. Ta ló wá ń jẹun?"

Abẹ́ àga ló dáhùn. Kẹ̀ù. Kẹ̀ù. Kẹ̀ù. Kẹ̀ù.

Bàbá Bẹ̀llò gun òkìtì náà lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọ̀pá gbé aṣọ àrán sókè. Gilbert jókòó sínú èèpo ẹ̀pà títí dé àyà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Ó gbìyànjú láti kí Bàbá, kò ṣeé ṣe.

"Mélòó lo ti jẹ?" ni Bàbá Bẹ̀llò bi í.

Gilbert na ìka mẹ́wàá, ó ronú, ó tún na ọ̀kan sí i.

Susanna náà ti gòkè dé ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí láwàní, ó fà á. Ẹ̀pà tí wọ́n fún Sẹ̀ríkí jábọ́, odidi rẹ̀, kò tilẹ̀ ní àmì eyín kan. Gbogbo ìlú wá rí ẹnu ọba: méjì yí sókè, méjì yí wọlé, kò sì sí èyí tó kan èkejì.

"Ẹ fọ́ ọ, sà," ni Susanna wí, ó sì mú ẹ̀pà náà fún un. "A ń dúró."

Dúrójaiyé gbà á. Ó gbìyànjú lọ́tùn-ún, ẹ̀pà yọ̀. Ó gbìyànjú lósì, ó yọ̀. Ó gbé e wò, ó ní ẹ̀pà ọdún yìí kò dára. Wọ́n rẹ́rìn-ín láti òpópónà kìíní títí dé ìkẹrìnlá, àwọn tí ebi ń pa náà rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú.

Bàbá Bẹ̀llò kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí èrò. "Ìdí òfin ni pé kí ẹnìkan jẹ ẹ́, ká sì wò ó. Gilbert ti jẹ mọ́kànlá, Sẹ̀ríkí ló sì rán an. Kò kú. Ẹ jẹun."

Susanna gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ Dúrójaiyé, ó fọ́ ọ, ó rún un kúnná, ó fi ẹnu fi í sẹ́nu Jemima. Ọmọ náà kò mira. Ó tún fi díẹ̀ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀fun kékeré náà gbé e mì. Jemima la ẹnu, ó sì fi igbe ta. Mo ti gbọ́ orin púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, n ò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó o. Èmi àgbà yìí sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Ìlú bá ya bo òkìtì ẹ̀pà. Kẹ̀ù ń dún níbi gbogbo, kò sí ẹni tó ráyè bú Sẹ̀ríkí mọ́. Ìyẹn ló wá dùn ún jù. Ó dúró níbẹ̀, láwàní wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀pà yí i ká dé orúnkún, kò sì lè jẹ ẹyọ kan. Ó pe Gilbert. Gilbert ń jẹun lọ́wọ́. Ó pe èmi, mo ṣe bí ẹni pé etí mi ti di.

Nígbẹ̀yìn, ó rìn lọ bá Susanna, tó jókòó sílẹ̀, tó ń rún ẹ̀pà fún àwọn ọmọ rẹ̀.

"Susanna," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé o lè bá mi rún díẹ̀?"

Susanna kò gbójú sókè. "Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà lórí ìlà. Ẹ bọ́ sẹ́yìn wọn."

Ọmọ méje tò tẹ̀ léra, Jemima ló wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú. Dúrójaiyé, Àjànàkú abẹ́ ilẹ̀, bọ́ sẹ́yìn Jemima, ó tẹ̀ ba kó lè bá wọn dọ́gba, ó sì la ẹnu ìwọ̀n tó lè là. Eyín rẹ̀ kan Jemima léjìká. Ọmọ náà yíjú padà, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fi igbe sọ fún un pé kó má ti òun.