Òjìji Àlàájì Tó Sọ Nù

Ọ̀sán gangan ni, nínú yàrá kékeré kan lókè ilé àtijọ́ ní Balad, ní Jẹ́dà. Hussain jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ayàwòrán kàtúùnù ni, ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àlàájà Aasiyah, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ní Kudai, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì dé láti ibẹ̀, ó dúró tì í lẹ́yìn. Kàtúùnù tí Hussain ń yà, wọ́n máa fi han àwọn ará Nàìjíríà tó bá wá ṣe Hájì, nínú bọ́ọ̀sì, kí ẹni tó bá sọ nù lè mọ ohun tó máa ṣe. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán lónìí, Mohannad ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó.

"Màmá, ẹ wo nǹkan."

Hussain tẹ bọ́tìnì kan. Àwòrán àlàájì kan tó sọ nù, tó kún fún àwọ̀ tẹ́lẹ̀, di dúdú láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi èédú kun ọmọ ọlọ́mọ?"

"Òjìji rẹ̀ là ń wò, Màmá. Ọ̀gá mi kì í wo ojú, kì í wo aṣọ. Á kùn ún dúdú báyìí, á wá pe Abdulrahim, hárìsì tó ń ṣọ́ ilé yìí, á ní, 'Kí lẹni yìí ń ṣe?' Bí Abdulrahim ò bá mọ̀, mo tún un yà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ò ti mọ̀. Bí ò bá tún mọ̀ lónìí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún."

"Abdulrahim tí ò mọ̀wé?"

"Ìdí tó fi ń pè é gan-an nìyẹn. Ó yá, kí lẹ rí?"

Àlàájà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Àpò ìrẹsì."

"Màmá, èèyàn ni."

"Apá rẹ̀ dà?"

"Ó wà níwájú àyà rẹ̀. Ó ń fi ọ̀tún pe ẹ̀ṣọ́, ó ń fi òsì na káàdì ọrùn rẹ̀. Tẹ̀sùbáà tiẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, mo yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko."

"Mi ò rí ẹyọ kan."

"Dúdú ló bò ó."

"Ó bo ọjọ́ mẹ́ta ọ̀hún náà mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Hussain wọra. Ó tẹ bọ́tìnì mìíràn.

"Ẹ wo ìyàwó rẹ̀, òun náà sọ nù."

"Ilẹ̀kùn."

"Abáyà ló wọ̀, Màmá."

"Èmi náà wọ abáyà. Ṣé ilẹ̀kùn ni mí?"

Hussain wolẹ̀. Ìrẹsì obìnrin yìí wà lórí tábìlì, kò tíì jẹ ẹ́, ó fa abọ́ náà mọ́ra kí wọ́n má gbà á.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ wọn kí wọ́n máa kó apá mọ́ra báyìí?" Àlàájà bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ní Kudai, bí mo bá ju ọwọ́ níwájú àgbà, ẹ máa ń gbá a ni. Ẹ ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ju apá kiri. Báwo ni mo ṣe máa wá ya odidi àlàájì kó máa ju apá?"

Ẹ̀rín pa Àlàájà títí ó fi dì mọ́ àga.

"Hussain, ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ, mi ò ní kó o fi sọ nù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Hárámù. Gbogbo ọkùnrin, funfun. Gbogbo obìnrin, dúdú. O rò pé ojú ni mo fi ń mọ̀ wọ́n? Ìdúró ni. Ìgúnpá ọkọ mi máa ń yọ síta bí etí ìkòkò. Ibi tí mo bá ti rí etí ìkòkò, mo ti rí Àlàájì Abdulganiyu."

"Ẹ ò ṣì í mọ̀ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo juwọ́ sí ẹlòmíràn láti ọ̀ọ́kán, ó tẹ̀lé wa dé Kudai, ó jẹun yó kó tó sọ pé ará Sudan lòun. Mú gègé kọ̀ǹpútà rẹ."

Àlàájà lọ ṣí fèrèsé onígi ńlá náà sílẹ̀ gbayawu. Ó dúró síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ̀, ó na apá ọ̀tún sókè gbọnrangandan, ó fi òsì fa káàdì ọrùn rẹ̀ síta jìnnà sí ara, ó wá na ọrùn bí ẹni ń wá ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjìji nìkan ni Hussain rí, ó sì yé e kedere.

"Ẹ má mira, Màmá."

"Ṣe kíá, apá ń ro mí."

"Tẹ̀sùbáà ńkọ́?"

"Ẹni tó sọ nù tó ń ka tẹ̀sùbáà, ọwọ́ wo ló máa fi pe ẹ̀ṣọ́?"

Hussain pa tẹ̀sùbáà rẹ́, ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ya apá tó nà sókè lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ dún gìdì-gìdì lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Abdulrahim ni, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Yā Hájja, mo rí yín láti ìsàlẹ̀. Ta ló sọ nù?"

Gègé bọ́ lọ́wọ́ Hussain. Abdulrahim ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi í, inú Hussain sì dùn gan-an.

Àlàájà ò tíì sọ apá kalẹ̀. Ó kàn yí i láti òkè, ó nà án tààrà sí ọmọ rẹ̀.

"Òun ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i."