Òkú Tó Lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì

Ẹjọ́ kan gun òkè wá bá baálẹ̀ Palo Amargo lánàá, kó tó mu kọfí àárọ̀ rẹ̀ tán.

Deyanira, àkọ́bí olóògbé Secundino, ló gbé ẹjọ́ náà wá. Kò tíì bọ́ aṣọ dúdú láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, inú sì ń bí i débi pé ó gbàgbé láti kí ẹnikẹ́ni. Wascar, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló pè lẹ́jọ́. Òun gun ìbaaka bàbá wọn dé, fìlà koríko bàbá wọn wà lórí rẹ̀, ó sì so ìbaaka mọ́ igi máńgòrò bí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á.

Ààfin baálẹ̀ tí wọ́n wá yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípáànù lásán ni, adìyẹ ń rìn lábẹ́ àga. Baálẹ̀, Don Telésforo, jókòó lórí àga tó ń mì síwá-sẹ́yìn. Doña Ercilia tó máa ń darí àdúrà òkú jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀.

"Deyanira, kí ló dé?"

"Bàbá Baálẹ̀, ẹ bá mi bi àbúrò mi yìí, ṣé bàbá wa kú ni àbí wọn ò kú."

"Ìyẹn náà dẹjọ́? Ṣebí mo wà níbi ìsìnkú."

"Ẹ ṣáà bi í."

Baálẹ̀ yíjú sí Wascar. "Bàbá yín ńkọ́?"

"Ara wọn le, a dúpẹ́. Wọ́n ní kí n kí yín."

Àga baálẹ̀ dẹ́kun mímì.

"Ẹ ti gbọ́," Deyanira ní. "Ẹ mọ̀ pé ìjọba ò ní jẹ́ ká pín ogún láìsan owó-orí rẹ̀. Mo ta àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi, mo kó owó lọ sílùú. Akọ̀wé ibẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Ìyá, báwo lẹ ṣe fẹ́ san owó-orí ogún ẹni tó ń bẹ láyé? Àbúrò yín ti wá búra níbí pé bàbá yín ò kú, ó tún mú ẹlẹ́rìí wá.' Bàbá Baálẹ̀, ọjọ́ ń lọ, ìtanràn ń gorí owó. Bó bá pẹ́, wọ́n á gba oko kòkó yẹn. Òun ò fẹ́ ká pín in, kòkó ibẹ̀ ló ń dá tà. Èmi ni mo ro ó ní gbogbo ìgbà tí bàbá wa wà lórí àìsàn. Mi ò níbòmíì tí mo lè lọ."



"Wascar," baálẹ̀ ní, "níbo ni bàbá ẹ wà?"

"Niu Yọ́ọ̀kì."

Àwọn ará ìlú tó wá wòran wo ara wọn lójú. Ní Palo Amargo, ta ni ò ní èèyàn ní Niu Yọ́ọ̀kì? Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà fẹ́ jọ òótọ́ nìyẹn.

"A sin bàbá ẹ, Wascar."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ sin bàbá mi sọ́nà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Inú pósí la ti rí wọn."

"Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa sunkún àwọn ni kí wọ́n tó rìnrìn-àjò. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń kọrin ni wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé yọ."

"Kí la wá sin?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àpò kan. Ṣebí ẹ̀yin tí ẹ gbé pósí lẹ ń sọ pé ó wúwo."

"Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n," Deyanira ní. "Èmi ni mo wọ̀ wọ́n láṣọ. Mi ò wẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí láyé mi."

Doña Ercilia ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo gbà ńkọ́? Tí ohùn mi fi há?"

"Màmá, àdúrà ìrìn-àjò mà nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe gbà, bàálù ò já."

"Mo ní kí Secundino sùn re o."

"Ṣé ẹni tó wọ bàálù ò ní sùn ni?"

Baálẹ̀ ní kó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Quírico, ọ̀rẹ́ Wascar, jáde sí gbangba. Òórùn ọtí rẹ̀ ti dé iwájú kí òun tó dé.

"Mo fojú mi rí Don Secundino ní pápákọ̀ òfurufú," ó ní. "Kóòtù funfun, bàtà dúdú tó ń dán."

"Bàtà?" Deyanira ní. "Bàbá wa ò wọ bàtà rí. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn kọ̀ ọ́."

Quírico ronú díẹ̀. "Ọwọ́ ni wọ́n fi mú un."

"Ìgbà wo ni bàálù gbéra?" baálẹ̀ bi í.

"Alẹ́ ni."

"Àárọ̀ ni," Wascar yára wí.

"Wascar, alẹ́ lo ní kí n sọ. Àárọ̀ ni tẹlẹ́rìí kejì tó kọ̀ tí kò wá yẹn."

Doña Ercilia mi orí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tilẹ̀ tíì dé Niu Yọ́ọ̀kì."

Ṣùgbọ́n Wascar ò mira. "Bàbá máa ń pè mí lórí fóònù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," baálẹ̀ ní. "Pè wọ́n báyìí. Tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ wọn bí ọmọ tí wọ́n tọ́, kí gbogbo wa gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dá ẹ lóhùn."

Wascar tẹ fóònù. Ká tó ṣẹ́jú, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ṣòkòtò Quírico. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò dákẹ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ló bá kọjú sí ògiri, ó gbé e sétí.

"Bàbá, ìbùkún," Wascar ní. Òógùn ti bò ó.

"Ọlọ́run á bùkún ẹ, ọmọ mi," Quírico dáhùn pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà. "Òtútù ibí yìí mà pọ̀ o."

Ẹ̀rín sọ lulẹ̀. Doña Ercilia fi ìborùn bojú. Deyanira nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohùn ọ̀mùtí yẹn jọ ti bàbá rẹ̀ díẹ̀, ó sì dùn ún dé egungun.

Baálẹ̀ mu ìyókù kọfí rẹ̀, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ẹni tó ti búra, ilé ẹjọ́ yìí ò ní pè é ní òpùrọ́. Mo gbà. Secundino ń bẹ láyé."

Deyanira di òpó mú. Wascar fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

"A kì í jogún alààyè," baálẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Torí náà, Wascar, ṣí fìlà yẹn, ó lẹ́ni tó ni ín. Fi ìbaaka yẹn sílẹ̀ níbi tó wà, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn lọ sílé. Deyanira lá máa bá bàbá rẹ̀ ṣọ́ ilé àti oko, á sì máa jẹ èrè ibẹ̀ títí bàbá á fi ti Niu Yọ́ọ̀kì dé. Kòkó tó o ti ń tà láìgba àṣẹ olóko, olè ni, wàá san án. Ọmọ tó bá sì ní bàbá láyé, kì í jẹun láìtọrọ ìbùkún. O ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu títí Secundino á fi dá ẹ lóhùn. Quírico, gbé fóònù yẹn wá síbí."

Òórùn ọbẹ̀ ẹran ń ti ilé ìdáná baálẹ̀ bọ̀. Wascar gbóòórùn rẹ̀, ó gbójú kúrò, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ti kú."

"Ìgbà wo? Ṣebí wọ́n ní kó o kí mi láàárọ̀ yìí."

"Ó... ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o," baálẹ̀ ní, ó sì dìde fún un bó ti yẹ. "Ọ̀la ni wàá bá Deyanira lọ sílùú, wàá jẹ́wọ́ lójú akọ̀wé, kí wọ́n gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀. Oko tí òun nìkan ro ti di tirẹ̀. Ìtanràn tó bá wà, inú ìpín tìẹ nínú ìyókù la ti máa yọ ọ́. Òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sì gbọ́dọ̀ rí àdúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èyí tí Deyanira ná owó lé, ìwọ lo ní àdúrà ìrìn-àjò ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kọfí, búrẹ́dì, ọbẹ̀, fún gbogbo Palo Amargo, lórí owó ẹ. Wàá gbé àwo, wàá sì máa sunkún. Doña Ercilia lá máa wò ó bóyá omi ń jáde. Quírico lá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àpò kan lójúmọ́."

Ìrọ̀lẹ́ àná náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú wá, àwọn tí kò fẹ́ràn Secundino rárá ló kọ́kọ́ dé. Wascar ké, Doña Ercilia wò ó lójú, ó ní, "Gbígbẹ ni. Tún un ṣe." Nígbà tí ẹnì kan sọ iye ìtanràn fún un, omi dé wẹ́rẹ́.

Ó gbé àwo kọfí dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àga bàbá wọn ni Deyanira jókòó lé. Wascar dúró títí, ojú ń tì í, kò sì mọ ẹni tó tún lè tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ rẹ̀ láyé yìí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ìbùkún."

Deyanira jẹ́ kó gbé àwo náà dúró díẹ̀ sí i. Ó mú ife kan, ó tọ́ ọ wò.

"Ọlọ́run á bùkún ẹ," ó ní. "Ṣúgà rẹ̀ ò tó. Lọ tún un sè."